Ẹ̀yìn Ìjàpá, Ẹ̀yìn Mi

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ló kún yàrá tí wọ́n tì mí mọ́ ní Ìdèrè. Ibà tó kì mí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí mo bímọ ló di etí mi méjèèjì pa. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe ìkà o. Nítorí ìbẹ̀rù kí ọ̀kadà má gbá mi lójú títì ni wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn níta. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á la ẹnu gbàgà kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i lẹ́nu wọn lọ́jọ́ kan: "Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin bá ti ìlú Tápà dé, á gbé ọmọ lọ. Ẹni tí ò gbọ́ ẹkún, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́mọ?" Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ibo ni mo fẹ́ gbé ọmọ mi sá gbà?

Alájọgbélé mi ni ìjàpá kan tí bàbá ọkọ mi rí lóko. Wọ́n lu ihò sí eteetí karawun rẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. N kò rí etí lórí rẹ̀, mo ní adití bíi tèmi ni. Àmọ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, orí rẹ̀ á ti wọ inú karawun. Èmi náà bá tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì mọ ìrìn ìyá ọkọ mi lára sìmẹ́ńtì. Àṣé ilẹ̀ ni ẹran yìí fi ń gbọ́ràn! Mo fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo rò pé ó ti kú, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ni mo bá pọn ọmọ mi. Nígbà tó ké, igbe náà gba eegun ẹ̀yìn mi kọjá, èmi nìkan bá ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé tòun ti ọ̀já tuntun. Ìyá ọkọ mi ní kí n sọ ọmọ kalẹ̀. Mo kọ̀, mo di ọ̀já tó wà láyà mi mú. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sí ọmọ, mo ti ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́: "Dákẹ́, ìyá mi."

Wọ́n wo ara wọn. Mo rí i lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi: "Ta ló sọ fún un?"

"Ẹ̀yìn mi ni, mà."

Ìyá ọkọ mi rọra jókòó sórí àpótí.

Etí ọ̀tún mi ti là díẹ̀ báyìí. Mo bẹ bàbá ọkọ mi, wọ́n já okùn ìjàpá, ó wọ́ wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà náà, n kì í yára sọ pé nǹkan ti tán lára ẹnikẹ́ni. Ọ̀já tuntun yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Wọ́n gbé e wá láti fi pọn ọmọ mi lọ sí Tápà. Èmi ni mo fi pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn.