Táwẹ̀lì Méjì Inú Àpótí Bàbá

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ bà mí nímú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n kó ẹrù inú àpótí bàbá àgbà wa, tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Àlàájì, síta kó gba oòrùn, torí ààwẹ̀ ti sún mọ́lé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí táwẹ̀lì funfun méjì, wọ́n fẹ̀, wọ́n nípọn, bí ẹni pé omi ò kàn wọ́n rí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ojú mi ò kúrò lára wọn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ládùúgbò Bẹ́yẹrúnkà bíi tèmi, ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Téèyàn bá wẹ̀ tán, àfi kó gba iwájú àwọn ọkùnrin tó jókòó ti ọpọ́n ayò kọjá, ìró tútù á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. "Ìyàwó mi, rọra o, ìró yẹn ń já bọ́!" Wọn á wá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, máa ń fi táwẹ̀lì tó ti gbó rán jálámíà fún wa, ká lè wọ̀ ọ́ láti balùwẹ̀ dé yàrá. Tèmi ti kúrú dé itan. Ìyá mi a sì máa sọ pé, "Ara laṣọ wà fún, kì í ṣe àpótí."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ìyá mi ṣe lọ ra òwú l'Ọ́jà'ba báyìí, mo jókòó sídìí máṣìnì. Mo fi abọ́ ẹ̀kọ sàmì ọrùn sára táwẹ̀lì kan, mo gé e. Mo fi táwẹ̀lì kejì ṣe apá àti àpò. Táwẹ̀lì kì í ṣe àǹkárá: téèyàn ò bá ṣẹ́ etí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀ ni yóò máa tú; téèyàn bá sì kánjú, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́. Ìgbà tí mo parí, ojú mi funfun bíi ti ẹni tó ń ku èlùbọ́. Mo fi í pamọ́ kí ìyá mi tó dé.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ̀ ọ́ jáde láti balùwẹ̀, mo gbórí sókè. Àwọn aláyò wò mí, wọ́n tún tẹjú mọ́ ọpọ́n wọn. Bàbá ló sọ̀rọ̀.

"Ta ló gé ìyẹn?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

Àṣé aṣọ méjì tó ró ní Mẹ́kà nìyẹn, aṣọ tí abẹ́rẹ́ kì í kàn, tó tọ́jú kí wọ́n lè fi sin ín.

Ìyá Òkè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ti figbe ta. "Ọmọ burúkú! Tú u nísinsìnyí! O ò ní dé ìdí máṣìnì mọ́ nínú ilé yìí láéláé!"

Wọ́n ti yọ mí kúrò nílé ìwé. Máṣìnì yẹn nìkan ló kù fún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá. N ò mọ̀ pé aṣọ yẹn ni. Ṣùgbọ́n n ò ní tú u. Tí mo bá tú u, ihò ọrùn ò ní dí. N ò sì ní bẹ̀bẹ̀ pé mo bo ara mi."

"Ẹ ò gbọ́ ẹnu ẹ̀ bí!" ni Ìyá Òkè wí.

Bàbá wò mí, ó wo àwọn aláyò. "Ojoojúmọ́ lọmọ yìí ń wẹ̀. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa kú. Kàlíkò tí wọ́n lè fi sin mí ń bẹ l'Ọ́jà'ba. Ẹ fi í sílẹ̀ sídìí máṣìnì ẹ̀." Ó wá ní kí wọ́n gbé ọpọ́n ayò lọ síwájú ilé.

Kàlíkò náà ni wọ́n fi sin ín lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ìyá Òkè wò mí láti òdìkejì àgbàlá lọ́jọ́ ìsìnkú náà. N ò gbójú sílẹ̀.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Mo ti kúnlẹ̀ fún ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi, nílé ọkọ, lọ́jà, kí ilé ṣáà lè tòrò. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó ṣẹ̀ nìkan ló tọrọ àforíjì fún. Àwọn ọmọ mi ní kí n kúkú sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Rárá o. Ọmọdé kọ́ ló ń ṣe mí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbọ́n jù.