Ìyàwó Mi, Tíṣà Rẹ̀ àti Ìṣubú Róòmù

Lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wa lọ sí yunifásítì, ìyàwó mi ní òun ń wá nǹkan tí òun á máa ṣe lọ́sàn-án Sátidé. Ó rí kíláàsì ọ̀fẹ́ kan ní láíbìrì láàárín ìlú Manchester, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn àwọn ará Róòmù àtijọ́. Mo rò pé kò ní pẹ́ sú u. Nọ́ọ̀sì ni. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé sílé wa ní Blackley, orí àga ló sábà máa ń sùn sí.

Kò sú u. Láìpẹ́, ẹnu rẹ̀ ti kún fún ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ wọn, òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Tí a bá ń jẹun, á ní ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ báyìí. Tí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù, á ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ìjọba Róòmù ò wó lọ́jọ́ kan. Ní Sátidé kan, ó dín chin-chin, ó rọ ọ́ sínú ike. Mo nawọ́ sí i, ó ní ti àwọn ará kíláàsì ni, pé tèmi wà nínú abọ́. Èyí tó wà nínú abọ́ ti jóná díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì korò lẹ́nu mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo mọ̀ pé ìyàwó mi kì í ṣe oníranù. Àmọ́ owú kì í gbọ́ àlàyé. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, mo ní mo fẹ́ bá a lọ. Ó wò mí, ó ní kò burú.

Mo ti rò pé màá bá onígbéraga kan tó ń múra bí ọ̀dọ́. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ wọ súwẹ́tà tó ti ya ní ìgúnpá, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, torí mi ò rí àléébù kankan tọ́ka sí. Ó bi wọ́n ní ohun tó mú kí ìjọba ńlá bẹ́ẹ̀ ṣubú. Ẹnì kan ní àjàkálẹ̀ àrùn ni. Ẹlòmíràn ní àwọn ọba tó ń pa ara wọn nítorí oyè ni, àti àwọn àjèjì tí wọ́n háyà ṣe ọmọ ogun. Ìyàwó mi nawọ́. Ó ní owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, síbẹ̀ tí ọ̀tá bá dé, kò sẹ́ni tó ń gbà wọ́n. Nígbà tó yá, ìjọba ọ̀hún ò jọ tiwọn lójú wọn mọ́, wọn ò sì rí ìdí tí wọ́n á fi kú nítorí rẹ̀. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì pa òwe wa pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti pè é tẹ̀ lé e, ahọ́n rẹ̀ lọ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ti ìyàwó mi ló sì pọ̀ jù. Òwe tí èmi máa ń pa fún àwọn ọmọ nílé ni. Ó dùn mí bíi pé ó mú aṣọ mi fún un wọ̀.

A jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Mo wá bi í pé, "Kí ló dé tí o kì í bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nílé?"

Ó ní, "Mo ń sọ ọ́. Ẹ kì í gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n ni. Òun máa ń bi mí pé kí ni mo rò."

Òjò ń ṣàn lára fèrèsé. Mo ní, "Ó dáa, kí lo rò? Ká ní wọ́n tọ́jú àwọn àgbẹ̀ yẹn, ṣé ìjọba yẹn ì bá dúró?"

Inú rẹ̀ dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí mi dáadáa.

"Tíṣà wa gbà pé…" ló fi bẹ̀rẹ̀.

Owú yẹn tún gbérí. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.