Àpò Pépà Tí Òjò Pa

Kò kọ́kọ́ dùn mí. Nǹkan kan kàn dún kàú ní ìbàdí mi, mo sì dúró gbagidi lẹ́yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí wa ní Ṣómólú. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà.

Àwa tá a ń kó ìdọ̀tí kì í gbé àpò láìkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta á wò. Bí kò bá mì, ẹni méjì ni yóò gbé e. Àpò àwọn ilé ìtẹ̀wé nìkan la kì í ta wò, torí ègé pépà lásán ló ń wà nínú rẹ̀. Ṣe la máa ń jìjàdù rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo di ọ̀kan mú, mo yí ìbàdí kí n lè jù ú sókè. Mi ò rántí pé òjò ti ń rọ̀ láti àná. Pépà tó bá ti mumi, ẹ má wulẹ̀ fojú di í.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?” Múrí, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, bi mí.

“Kò sí wàhálà, jàre.”

Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀gá má fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Sìkírá, ìyàwó mi, ń fi ọ̀já dì mí níbàdí láràárọ̀, mo ń gbé oògùn ara ríro mì, mo ń lọ. Ìrora náà gba ìdí wọ ẹsẹ̀ òsì mi bí iná. Lọ́jọ́ kan ní Bàrígà, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo délé ni Sìkírá rí i pé bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ mi kan, ó bú sẹ́kún.

“Bàbá Ayọ̀, ọsibítù yá! Àbí ìgbà tẹ́ ò bá lè dìde mọ́ lẹ fẹ́ lọ?”

Níbi tá a ti ń dúró de dókítà, mi ò lè jókòó, mi ò lè nàró. Ògiri ni mo fara tì, ojú sì ń tì mí.

“Bàbá, ṣé ẹ ń mọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín?” ni dókítà bi mí. Mo ní mo ń mọ̀. Ó ní ká dúpẹ́, torí bí mi ò bá mọ̀ ni, iṣẹ́ abẹ ni lójú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun rírọ̀ kan wà láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn, bíi tìmùtìmù. Tèmi ti yọ síta, ó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá màá tún rìn dáadáa. “A máa gbìyànjú, sà,” ló sọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Sìkírá fi ń bá mi wọ ṣòkòtò. Mo ń na ẹsẹ̀ lórí ẹní bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì ń sunkún bí kò bá sí èèyàn nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ jí. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fi mí sí báyìí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń kú bí òtútù bá mú. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jọ tèmi, bí ìrora ẹ̀yìn bá ti wọ ẹsẹ̀, ẹ má fara dà á mọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá rìn dé etí ọ̀sà, mo fọwọ́ pa ìbàdí mi. Gbogbo ọdún tó fi ń ru ìdọ̀tí onídọ̀tí, mi ò kí i rí.

Mo ní, “Kú iṣẹ́ o. Má bínú.”