Ojú Nunziata

Alágbàfọ̀ ni Domitilla ní Trastevere, ní ìlú Róòmù. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Nunziata. Ayàwòrán kan, Ọ̀gá Brancaleoni, rí ọmọ náà níbi tó ti ń sá aṣọ, ó ní kó wá máa dúró kí òun máa wò ó yàwòrán: òun fẹ́ ya òrìṣà Proserpina, ọmọbìnrin tí ọba ipò òkú jí gbé. Nunziata dúró ní ìhòòhò nínú ọ̀gìnnìtìn, ọwọ́ lókè, nínú yàrá tí kò níná. Ikọ́ wọ̀ ọ́ láyà. Kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé, wọ́n ti sin ín. Ọ̀gá fi àbẹ́là kan ránṣẹ́, ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò dúró fún apá tó kù.

Ohun kan ni Domitilla fi ń tu ara rẹ̀ nínú: ojú ọmọ òun wà nínú àwòrán náà. Ọjọ́ tí ọ̀gá ṣílẹ̀kùn kí aráàlú wá wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ sí òkè òkun, Domitilla àti Menica aládùúgbò rẹ̀ gbéra.

"Ìyá Nunziata, rọra rìn o!" Menica ní. " Ọmọ tó ti di òrìṣà, ṣé ó tún lè sá fún ẹ ni?"

Domitilla dúró níwájú àwòrán. Ojú funfun kan ló wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà, imú gún régé, kò sí ìrora níbẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Proserpina ni, Màmá," ọ̀gá dáhùn.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i? Ẹ pẹ̀lẹ́. A kì í ya orí ènìyàn bó ṣe wà. Imú rẹ̀ ti tóbi jù fún òrìṣà. Lára ère òkúta mábù ni mo ti mú orí. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni tirẹ̀."

"Imú bàbá ẹ̀ ni."

"Mo kọ́kọ́ ya ojú rẹ̀, ká sòótọ́. Ó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn."

"Ẹ bá mi ha ọ̀dà náà kúrò."

Àwọn ọlọ́lá tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, alágbàfọ̀ fẹ́ fọ àwòrán!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun yó," Menica ní, "ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa."

Domitilla kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ òsì. Ìránṣẹ́ kan fà á dìde. "Ọ̀dà ò tíì gbẹ, ìyá!"

Wọ́n gbé àwòrán náà wọ ọkọ̀ ojú omi. Tẹ́lẹ̀, bí Domitilla bá dijú, Nunziata a yọ sí i. Ní báyìí, ojú òkúta yẹn ló ń yọ, ẹnu rẹ̀ padé. Ó ti gbìyànjú títí kí ojú ọmọ rẹ̀ padà wá. Kì í dijú mọ́.