Kí Arìnrìn-àjò Inú Géèmù Máa Dàgbà

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi géèmù yẹn rín nígbà tó wọ ilé mi ní Odòde. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ló gbé e dé, nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọkùnrin arìnrìn-àjò kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń gun àpáta kiri láti wá àwọn ìlú táwọn èèyàn ti kó kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo ń gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè, níbi tí ilé àwọn baba wa wà lófìfo, ṣé irú ìyẹn ni wọ́n tún fẹ́ fi hàn mí? Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo jókòó tì í, n kò lè dìde mọ́. Bí ọkùnrin náà bá béèrè ọ̀nà, èmi ni mo máa ń dá a lóhùn, bí ẹni tí wọ́n ń pàlọ́ fún.

"Bàámi, kò gbọ́ yín o!"

"Ìwọ ṣáà jẹ́ kó yà sápá òsì."

Ọmọ náà ti di tíṣà báyìí, géèmù náà ò sì tíì tán. Bó bá ti ṣe díẹ̀, wọ́n á tún gbé apá tuntun jáde. Ohun tí mo fi ń yìn wọ́n ni pé arìnrìn-àjò náà ń dàgbà. Irun rẹ̀ ń funfun. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, ó kọ́kọ́ di orúnkún mú kó tó gbé ẹsẹ̀. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi." Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn mọ bí ara ṣe ń rí.

Ní Sátidé kan, mo ń yí kòkó tí mo sá síwájú ilé, ọmọ mi mú fóònù tọ̀ mí wá. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà fẹ́ sọ arìnrìn-àjò di ọ̀dọ́ padà, kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sọ èrò wọn, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni gbèdéke. Gbogbo ọdún tí a fi bá a rìn, ṣé kò ṣẹlẹ̀ mọ́ nìyẹn?

"Kí ni kí n kọ, Bàámi? Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó kéré. Ṣe ló máa ń fò."

"Ìtàn ìlú wa tí mo ń sọ fún yín, ṣé o gbọ́ ọ rí kí n ní ká pa á rẹ́, ká tún un bẹ̀rẹ̀? À ń fi kún ìtàn ni, a kì í ká a kúrò ńlẹ̀ bí ẹní."

"Géèmù lèyí o, kì í ṣe ìtàn ìlú." Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà di ọmọ ogún ọdún lónìí, ẹ ò ní sáré gbà á?"

"Tí mo bá gbà á, ìwọ ńkọ́? N kò tíì bí ọ nígbà yẹn."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ fóònù, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó kà á sí mi létí: "Ẹ jẹ́ kó máa dàgbà. Ẹ fún un lọ́mọ. Kí ọmọ máa fò, kí baba máa sọ ohun tójú rẹ̀ ti rí."

Mo ní, "Obìnrin ni kí wọ́n fún un o."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Bàámi," ló wí. "Mo ti kọ ìyẹn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lanu, n ò kàn kà á sí yín létí ni." Ó sì fi í ránṣẹ́.