Tòmátì Orí Tákísì

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọbìnrin kan, nínú ilé alájà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, yan odindi àgbò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tákísì láìdáná. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi yí igun òpópónà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, àgbò ti di màlúù. Alábàtà ní irọ́ ni, màlúù kò lè gba orí tákísì. Ó ní bọ́ọ̀sì ló máa jẹ́.

Ọmọ tí wọ́n ń wí kò tíì pé ogún ọdún. Aláìdáná ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń bí i nínú, torí pé ó ń dáná. Ìdájí ló kàn ń dá a. Yàrá ìdáná wọn kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ, páànù ló sì bò ó lórí. Lásìkò ooru, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án kó kàn lọ mú iyọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa jinná.

Ìyá rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ni ìyá náà ti ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná níwájú, omi híhó lẹ́yìn. Tó bá délé, tó rí oúnjẹ tó ń yọ èéfín, ńṣe ló ń kọ̀yìn sí i. Ó ń rù. Ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ìyá lè gbé mì: ẹ̀wà tó ti sè ní ìdájí, tó jẹ́ kó tutù, tó fi àlùbọ́sà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò, kùkúmbà tó rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú wàrà kíkan, àti èyí tó dùn jù, tòmátì tó là sí méjì, tó wọ́n iyọ̀ sí, tó sá sóòrùn títí tó fi súnkì, tó wá da òróró lé, tó fi búrẹ́dì jẹ. Ìyá jẹ ẹ́, ó lá àwo. Nígbà tó gbé díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, díẹ̀ ló kù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lu ara wọn nítorí rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé ìfọṣọ ṣe ránṣẹ́ nìyẹn, pé òun ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò. Tó bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọmọ náà ni yóò máa gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún gbogbo ilé iṣẹ́ títí ooru á fi lọ. Kò sẹ́ni tó tíì gbé iṣẹ́ kankan lé ọmọ yìí lọ́wọ́ rí, àfi àwo fífọ̀.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà: oòrùn. Ẹ má rò pé kò pọ̀. Ó pọ̀ débi pé ó lè yọ́ bọ́tìnnì lára ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n òjìji ilé bo àgbàlá, adìyẹ gba fèrèsé, aṣọ àwọn ará òkè gba okùn. Ibi tó kù tí oòrùn ti ń wọlé jókòó lẹ́nu ọ̀nà ni orí tákísì àbúrò ìyá rẹ̀, Bọ̀dá Awakọ̀, tó ń sùn di ọ̀sán. Ibẹ̀ ló gbé tíréè lé. Bọ̀dá jí, ó bọ́jú, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

“Bọ̀dá, ẹ tún gbé tòmátì mi lọ lánàá.”

“Ta ló gbé e? Ọkọ̀ mi ni mo gbé. Òun ló tẹ̀ lé mi.”

“Odindi tíréè, ẹ ò rí i?”

“Èmi kì í wòkè tí mo bá ń wakọ̀. Iwájú ni wọ́n ní ká máa wò.”

Gbogbo ìgboro rí i. Ibẹ̀ ni àgbò ti wọ ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rò pé ìyẹn ló ń bí ọmọ yìí nínú jù, ẹ ò tíì mọ Ìyá Òkè, tó ń gbé lájà kejì. Ó dá a dúró nídìí ẹ̀rọ omi.

“Aláìdáná, mo ṣe tòmátì rẹ. Kò dáa lẹ́nu.”

“Báwo lẹ ṣe ṣe é, mà?”

“Bó o ṣe ní kí n ṣe é náà ni. Mo kàn fi ẹja sí i. Mo fi ata sí i. Mo wá sè é.”

“Ẹ sè é?”

“Àwa kì í jẹ nǹkan tútù nílé wa.”

Ọmọ náà gbé korobá rẹ̀, ó ń lọ, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀: kálukú ń bu tirẹ̀ sí i, wọ́n á wá ní ọmọ náà ló sè é.

Ọjọ́ pé, ọ̀gá dé. Obìnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ gún débi pé èèyàn lè fi etí rẹ̀ gé kùkúmbà. Ó jókòó sí àgbàlá, gbogbo ilé jáde, alábàtà náà yọjú.

“Mo gbọ́ pé orí ọkọ̀ lo ti ń se oúnjẹ,” ni ọ̀gá wí. “Àwọn òṣìṣẹ́ mi ò ní jẹ epo ẹ́ńjìnnì.”

Kí ọmọ tó lanu, Ìyá Òkè ti dáhùn. “Ọkọ̀ kẹ̀? Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, mà. Kò sí ọkọ̀ kankan nílé yìí.”

“Kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà níbí,” ni alábàtà gbè é lẹ́sẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n…” ni ọmọ ń wí.

“Dákẹ́, à ń gbèjà rẹ,” ni Ìyá Òkè wí.

Ọ̀gá bu búrẹ́dì, ó fi tòmátì lé e, ó jẹ. Ojú rẹ̀ rọ̀. “Tí kò bá ti sí ti ọkọ̀ níbẹ̀, máa bọ̀ lọ́la.”

Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wò tí Bọ̀dá Awakọ̀ fi wa tákísì wọlé. Ó rọra páàkì. Tíréè wà lórí rẹ̀ gbọingbọin, tòmátì tò sínú rẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n. Ìyá Òkè ń wo ojú ọ̀run. Alábàtà ń wo bàtà.

Aláìdáná dìde.

“Ẹ gbọ́, mà. Orí ọkọ̀ ni. Kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, òkè pátápátá ni, tíréè wà lábẹ́ tòmátì, àwọ̀n wà lórí rẹ̀, epo kò dé ibẹ̀. Àgbò kò sí níbẹ̀. Màlúù kò sí níbẹ̀. Mo ń dáná, ìdájí ni. Àwọn aládùúgbò mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe purọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ gbé búrẹ́dì yẹn sílẹ̀.”

Ọ̀gá wo tákísì. Ó wo búrẹ́dì. Ó tún bù ú jẹ.

“Wá tò ó sórí páànù ilé ìfọṣọ láti ọ̀la. Ìyẹn kì í rìn. Ṣùgbọ́n tó o bá lè fi ẹja díẹ̀ sí i…”

“Tòmátì, iyọ̀, oòrùn, òróró, mà,” ni ọmọ náà wí. “Ẹja kò sí níbẹ̀.”