Búùtù Dúdú Tí Mo Gé Lódì

Ọjọ́ tí Dókítà gbé búùtù rẹ̀ padà wá, ṣe ni mo bá a jà. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Obìnrin ará Oǹdó ni Dókítà, olùkọ́ ní yunifásítì, ó sì fẹ́ lọ lo ọdún kan ní ìlú òtútù. Òkìríkà kún ọjà, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi lòun fẹ́ wọ̀ lọ: búùtù súwéèdì dúdú tó dé ọrùn ẹsẹ̀, tó ní síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga.

Súwéèdì ni awọ tí wọ́n ha títí tó fi hu irun wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á síwájú, á rọ̀ bí orí ọmọ tuntun. Bí ẹ bá pa á sẹ́yìn, á ta kò yín. Bí irun ẹsẹ̀ bàtà kan bá kọjú sísàlẹ̀, tí ti èkejì kọjú sókè, ọ̀kan á dúdú kirikiri, èkejì á dà bí eérú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìkìrun kì í jẹ́ ká mú ọ̀bẹ kí ọwọ́ wa tó pa awọ. Á ní, "Ojú lè purọ́ fún ọ. Bi ọwọ́ léèrè." Ó ti kó ìkó bá mi lórí nítorí ẹ̀ rí, lójú oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń pe èèyàn ní Baba Shoe káàkiri àdúgbò wa, Ikpoba Hill, kì í pẹ́ kó tó rò pé òun ti ju ẹ̀kọ́ lọ. Ojú lásán ni mo fi gé awọ Dókítà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó." Ó to méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn. "Ọ̀kan dúdú, ìkejì rí bí eérú."

Mo wò wọ́n. Dúdú ni méjèèjì.

"Àbí ẹ ti ki ọ̀kan bọmi ni?"

"Mi ò tíì wọ̀ ọ́ rárá, sà."

Inú bí mi. Mo ní bí iṣẹ́ mi kò bá wù ú mọ́, kó sọ ojú abẹ níkòó. Mo pariwo pe Osaro, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé kó wá ṣe adájọ́. Osaro tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà, ó wo ojú mi.

"Baba, dem no be one colour o. You no see am?"

Mi ò rí i. Mo wá fi ọwọ́ pa ti ọ̀tún, irun rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo pa ti òsì, ó ta kò mí. Mo jókòó.

Dókítà ló tún ń bẹ̀ mí: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ṣe òmíràn, mo ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ní ọsibítù ojú, wọ́n ní àrùn kan ti ń jẹ ojú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ìríran tó ti lọ kò ní padà. Mo sunkún nínú ọkọ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé yìí.

Síbẹ̀ mo gé òmíràn. Ọwọ́ ni mo fi mọ irun rẹ̀, gígé náà sì dára. Rírán ló pa mí: òwú dúdú lórí awọ dúdú. Nígbà tí mo fi ìka tọ ojú ìrán, ó wọ́ bí ìrìn ọ̀mùtí. Súwéèdì kì í sì í dárí jini; ihò abẹ́rẹ́ kì í dí.

Mo gbé awọ tó kù lọ sí àdúgbò Aduwawa, sọ́dọ̀ Festus, aránbàtà tí mo máa ń pè ní oní-gọ́ọ̀mù, pé lílẹ̀ ló mọ̀, kò mọ rírán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Baba, leave am for me," ló wí. Ì bá sàn kó bú mi.

Búùtù tó ṣe dára. Mo fi ìka wá àléébù rẹ̀ títí, mi ò rí.

Dókítà wọ̀ ọ́ níwájú mi, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín kò lè já mi kulẹ̀."

Osaro wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ òótọ́, ó sì ń wo ilẹ̀. Ó yẹ kí n dárúkọ Festus, ẹnu mi kọ̀.

"Ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó, Dókítà," ni mo wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàtà tó jáde níbẹ̀ kẹ́yìn, tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi kọ́ ni mo ṣe é.